Ọmọ Adìẹ Àlímátù

Ní ọjọ́ Ajé, nígbà tí aago mẹ́jọ àárọ̀ ku díẹ̀, ọ̀kadà kan pa adìẹ Àlímátù níwájú ilé Bùsírátù ní Ìjẹmọ. Bùsírátù wà lẹ́yìnkùlé, ó ń po aró, ni ó gbọ́ tí adìẹ náà ké lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kí ó tó nu ọwọ́ kí ó tó dé ìta, ọlọ́kadà ti lọ. Adìẹ náà nà gbalaja sí etí gọ́tà, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ rẹ̀ wà lábẹ́ rẹ̀, òun náà ti kú. Àwọn márùn-ún yòókù ń sáré yí i ká, wọ́n ń ké. Ọmọ ọjọ́ méjì péré ni wọ́n.

Ó bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ kan ọrùn adìẹ náà, bóyá ẹ̀mí ṣì wà níbẹ̀ tí òun fi lè dúńbú rẹ̀. Kò sí. Ó ti di òkúǹbete, Mùsùlùmí kò sì gbọdọ̀ jẹ ẹ́ mọ́.

"Ìyá Kábírù, ẹ pẹ̀lẹ́ o." Ṣéhù ló sọ̀rọ̀, télọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí ilé náà, ẹni tí kì í jẹ́ kí nǹkan ṣẹlẹ̀ ní àdúgbò kí ó má dá sí i. "Ṣé ti ọ̀rẹ́ yín nìyẹn? Èyí tí wọ́n ní kí ẹ bá àwọn sìn?"

"Òun ni."

"Ẹ rí ọlọ́kadà náà?"

"N ò rí i. Ìwọ ńkọ́?"

"Mo ń lọ aṣọ lọ́wọ́. Ariwo nìkan ni mo gbọ́." Ó wo adìẹ, ó wo Bùsírátù. "Ẹ̀yin náà ṣáà mọ̀ pé wọ́n á ní ẹ ti sè é ni."

Ohun tí Bùsírátù náà ń rò nìyẹn.

Ẹni tó bá ní adìẹ tàbí ewúrẹ́ tí kò sì ráyè tọ́jú rẹ̀ lè gbé e fún ẹlòmíràn sìn. Ìyá ẹran jẹ́ ti ẹni tó ni ín. Àwọn ọmọ tó bá bí ni àwọn méjèèjì jọ ń pín. Kò sí ìwé tí wọ́n ń kọ, kò sí ẹlẹ́rìí. Ṣùgbọ́n bí ẹran bá kú, ẹni tó ń sìn ín gbọ́dọ̀ fi nǹkan kan lára rẹ̀ hàn, ìbáà ṣe awọ, ìbáà ṣe orí tàbí ìyẹ́. Ẹni tí kò bá rí nǹkan kan fi hàn, òun ló jẹ ẹ́.

Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni Bùsírátù nígbà tí ewúrẹ́ tí bàbá rẹ̀ ń sìn fún ọkùnrin kan ní Òwu sọnù. Ọjọ́ Jímọ̀ ni, ọjọ́ kẹrin lẹ́yìn Iléyá. Wọ́n wá a títí, wọn kò rí awọ, wọn kò rí ìwo. Ẹni tó ni ín kò pariwo. Ó kàn dé ẹnu ọ̀nà, ó wo ìkòkò tó wà lórí iná, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ẹ̀gúsí àti ẹja ṣàwá ló wà nínú ìkòkò náà; Bùsírátù mọ̀, nítorí òun ló lọ ẹ̀gúsí náà. Síbẹ̀, ọdún méjì àti oṣù mẹ́ta ni àwọn ọmọ ilé kéwú fi ń pè é ní ọmọ ajewúrẹ́. Bàbá rẹ̀ kò sì bá ẹnikẹ́ni sin ẹran mọ́.

Nítorí náà, kí ó tó sin adìẹ Àlímátù sẹ́yìnkùlé pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ tó kú, ó gé apá méjèèjì àti ẹsẹ̀ méjèèjì, ó fi iyọ̀ pa wọ́n, ó so wọ́n kọ́ sínú oòrùn, níbi tí ológbò kò lè dé.

Lẹ́yìn náà ni ó pe Àlímátù lórí fóònù. Àlímátù wà ní Ìbàdàn lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin, Ummulkulthum. Ó tó ọdún mẹ́ta tí nǹkan funfun ti ń bo ojú Àlímátù díẹ̀díẹ̀, tó fi jẹ́ pé ọwọ́ ló fi ń mọ aṣọ tó ń tà. Ní ọjọ́bọ̀ tó kọjá ni wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ ojú náà fún un. Ummulkulthum ló gbé fóònù.

"Ẹ káàárọ̀, mà. Wọ́n ń sùn, mà. Ṣé kò sí o?"

"Kò sí, ọmọ mi. Mo kàn fẹ́ bá a sọ ọ̀rọ̀ kan ni."

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ tó lè bà wọ́n nínú jẹ́, ẹ jẹ́ kó di ìgbà tí wọ́n bá dé. Dókítà ní wọn ò gbọdọ̀ sunkún rárá. Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ la máa gbé wọn wá."

"Ó dáa. Bá mi kí i."

Ó gbé fóònù sílẹ̀, ó ṣírò ọjọ́: ó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ó wo àwọn ọmọ adìẹ márùn-ún. Ohun tó kù nínú àmánà tí wọ́n fi lé e lọ́wọ́ nìyẹn. Bí Ọlọ́run bá gbà fún un, òun yóò kó àwọn márààrún lé Àlímátù lọ́wọ́, gbogbo wọn lórí ìdúró.

Ó wá páálí bisikíìtì ńlá kan. Kò gbàgbé pé nǹkan oní-nǹkan ni. Ó sì rò ó pé ohun tó dára jù ni èèyàn fi í tọ́jú àmánà. Ó ṣí àpótí rẹ̀, ó mú àjákù aṣọ gíní kan tí ó pa láró kí ààwẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀, tí àwọn alùṣọ sì ti fi kùmọ̀ lù títí tó fi ń dán bí omi inú àwo. Ó tẹ́ ẹ sínú páálí náà, ó fa igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí ó má baà ká. Ó gbé gílóòbù sí ẹ̀gbẹ́ kan nítorí òtútù. Bí wọ́n bá sì mú iná lọ, Bùsírátù a bu omi gbígbóná sínú ike, a fi ìbọ̀sẹ̀ àtijọ́ Kábírù ọmọ rẹ̀ wọ ike náà, a tẹ́ ẹ sí àárín wọn. Àwọn ọmọ náà a sì rọ́ mọ́ ike náà bí ẹni pé ìyá wọn ni.

Ní òwúrọ̀ Ọjọ́rú, mẹ́ta dìde wá jẹun. Méjì kò lè dìde. Ẹsẹ̀ wọn ya, ọ̀kan lọ sí ọ̀tún, èkejì lọ sí òsì, àyà ni wọ́n fi ń wọ́ lórí aṣọ dídán náà. Ọ̀kan dúdú, èkejì pupa fẹ́ẹ́rẹ́. Èyí tó pupa gbìyànjú láti dé ibi tí oúnjẹ wà. Ó fi ìyẹ́ tẹ ilẹ̀, ó gbé àyà sókè díẹ̀, ó tún ṣubú. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin. Nígbà karùn-ún, Bùsírátù kó oúnjẹ náà dé ẹnu rẹ̀.

Ṣéhù wá wò wọ́n, pẹ̀lú téèpù tó fi ń wọn aṣọ ní ọrùn rẹ̀.

"Ìyá Kábírù, ẹ fi méjì yìí ta ológbò lọ́rẹ. Ẹ ní àwòdì ló gbé wọn. Àwòdì ò ní wá jẹ́rìí."

"Ṣé bí o ṣe máa ń sọ fún àwọn oníbàárà ẹ nìyẹn, pé eku ló jẹ aṣọ wọn?"

"Eku tòótọ́ ló jẹ ẹ́, mà."

"Eku tó mọ sísọ́ọ̀sì lò."

Ṣéhù rẹ́rìn-ín, ó padà sídìí máṣíìnì rẹ̀. Ṣùgbọ́n Bùsírátù kò rẹ́rìn-ín. Adìẹ kan àti ọmọ mẹ́fà ni Àlímátù fi ń dúpẹ́ lórí fóònù ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tí adìẹ náà pamọ. Bí ó bá dé tí ó bá ọmọ mẹ́ta, kí ni òun fẹ́ wí?

Ó gbé páálí náà, ó wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Ṣàpọ́n, lọ́dọ̀ Harriet tó ń ta oúnjẹ adìẹ. Ọmọ ogójì ọdún ni Harriet, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Kò tilẹ̀ kọ́kọ́ wo àwọn ọmọ adìẹ náà. Ó ti ọwọ́ bọ páálí, ó fi àtẹ́lẹwọ́ ra aṣọ náà.

"Mà, ta ló tẹ́ aṣọ yìí fún wọn?"

"Èmi ni. Aṣọ tó dáa ni."

"Ó dáa jù, mà. Ẹ̀yin fúnra yín ò lè rìn lórí ẹ̀. Iṣan ẹsẹ̀ ọmọ adìẹ ò tíì le lọ́jọ́ méjì. Bó bá gbẹ́sẹ̀ lé ibi tó ń yọ̀, ẹsẹ̀ á ya, kò sì ní mọ bó ṣe máa kó o jọ mọ́."

Bùsírátù wo aṣọ náà. Nínú gbogbo àkísà tó wà nílé rẹ̀, kò sí èyí tí kò ní í sàn ju èyí lọ, òun ló sì lọ wá a nínú àpótí.

"Ṣé wọ́n á tún rìn?"

"Wọ́n á rìn, bẹ́ ẹ bá tètè ṣe é. Ẹ tẹ́ àpò kòkó sínú ẹ̀, èyí tó rí ṣákaṣàka, kí èékánná wọn lè di nǹkan mú. Kí ẹ wá di ẹsẹ̀ wọn méjèèjì pọ̀, kí àlàfo tó tó ìbú ìka kan wà láàárín. Ọjọ́ mẹ́rin, ó pọ̀ jù márùn-ún. Bó bá ti kọjá ọ̀sẹ̀ kan, ẹ̀pa ò bóró mọ́." Ó wọn oúnjẹ àti oògùn lúbúlúbú tí wọ́n ń pò sínú omi fún un. "Ṣé ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń dì í? Àbí kí n—"

"Harriet, ó ti di ọdún mẹ́tàlélógójì tí mo ti ń di nǹkan."

"Òótọ́ ni, mà," ni Harriet wí.

Òótọ́ ni lóòótọ́. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni wọ́n mú Bùsírátù lọ kọ́ṣẹ́ àdìrẹ ní Ìtòkú, ibẹ̀ náà ni òun àti Àlímátù ti pàdé. Àdìrẹ oníko ni iṣẹ́ rẹ̀: a mú ìko, okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń bó lára ewé ọ̀gọ̀rọ̀, a fi di aṣọ ní kókó kókó, a rì í sínú aró, ibi tí ìko bá dì a wà ní funfun. Bí ìko bá dẹ̀, aró á wọlé, iṣẹ́ á sì bàjẹ́. Oṣù mẹ́rin àkọ́kọ́, ọ̀gá wọn a máa fi igi na ìka ẹni tí dídì rẹ̀ bá dẹ̀. Bùsírátù jẹ igi náà ní ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá. Láti ìgbà náà, kò sí aró tó tún gba abẹ́ kókó rẹ̀ kọjá.

Nígbà tó délé, ó tẹ́ àpò kòkó, ó jókòó sórí àpótí ìjókòó rẹ̀, ó ya ìko kan. Ó gbé èyí tó dúdú lé itan, ó di ẹsẹ̀ rẹ̀ pọ̀, ó fi àlàfo ìbú ìka sí àárín bí Harriet ti wí. Èyí jà, ó ń fẹsẹ̀ ta, kò jẹ́ kí ó dì í bó ṣe fẹ́. Èyí tó pupa kò jà. Ó dákẹ́ sí i lọ́wọ́, ó ń wò ó. Bùsírátù yí ìko ká ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ó fi eyín fa ìdí rẹ̀, ó ta á ní kókó tó pinminrin. Inú rẹ̀ dùn sí i. Kò sí ọ̀gá tó lè na ọwọ́ tó di irú ìyẹn.

Nígbà tó kírun Àsùbáà tán ní Ọjọ́bọ̀, ó lọ wò wọ́n. Èyí tó dúdú ti ń gbìyànjú láti dúró. Èyí tó pupa sùn sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó fọwọ́ kan ẹsẹ̀ rẹ̀, ó tutù. Ó gbé e síbi iná. Láti ibi tí ìko wà lọ sísàlẹ̀, ẹsẹ̀ ọ̀tún náà ti wú, ó sì ti dúdú bí ohun tí wọ́n rì sínú aró.

Ó mú bíléèdì tó fi ń tú àdìrẹ. Ó gé e díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí ìko náà já, ọmọ adìẹ náà ké, ohùn rẹ̀ kéré bí ohùn ìlẹ̀kùn tó nílò epo. Bùsírátù gbé ẹsẹ̀ náà sí ẹnu ara rẹ̀, ó ń fi èémí gbígbóná fẹ́ ẹ. Ó fi òrí pa á. Ó fi ọmọ adìẹ náà sí àyà, lábẹ́ búbà, ó jókòó bẹ́ẹ̀ títí oòrùn fi mọ́lẹ̀ dé orí pèpéle. Kò po aró lọ́jọ́ náà.

"Má bínú," ni ó ń sọ fún un. "Má bínú. Bí wọ́n ṣe kọ́ mi nìyẹn."

Ọdún mẹ́tàlélógójì ni ó fi ń dì kí nǹkan má baà kọjá. Ẹsẹ̀ yìí kò fẹ́ irú dídì bẹ́ẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ gbọ́dọ̀ máa lọ, kí ó máa bọ̀. Ó ní láti kọ́ bí wọ́n ṣe ń di nǹkan kó dẹ̀, òun tí wọ́n na ìka rẹ̀ nítorí dídẹ̀.

Ó ya etí ìborùn àtijọ́ kan tí fífọ̀ ti sọ di múlọ́múlọ́. Ó gbìyànjú lẹ́ẹ̀kíní, ọwọ́ rẹ̀ fà á le láìmọ̀. Ó tú u. Lẹ́ẹ̀kejì, bákan náà. Ìka rẹ̀ kò gbọ́ràn sí i lẹ́nu mọ́. Ìgbà tó yá ni ó já ẹyọ ìgbálẹ̀ kan, ó tì í bọ àárín aṣọ àti ẹsẹ̀, ó ta kókó lé e lórí, ó wá yọ ìgbálẹ̀ náà jáde. Àyè tí ìgbálẹ̀ fi sílẹ̀ ni àyè ẹ̀jẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó ṣe fún èyí tó dúdú. Ojoojúmọ́ ni ó ń tú u, tí ó ń fi òrí pa á, tí ó sì ń tún un dì, nítorí ojoojúmọ́ ni ẹsẹ̀ wọn ń tóbi sí i.

Ní ọjọ́ Jímọ̀, Ṣéhù bá a níbi tó ti ń dì í.

"Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Ìyẹn la ti ń gbọ́. Tiyín yìí, okùn ló bà ládìẹ."

"Dákẹ́ ẹnu ẹ, kí o wá bá mi mú un. Ọwọ́ kan ò tó o."

Ṣéhù mú un. Ọwọ́ télọ̀ ni, ó mọ bí wọ́n ṣe ń di nǹkan fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mú kó má fún. Ó wo ẹsẹ̀ dúdú náà, ó wo ojú Bùsírátù, kò sì dá àpárá kankan mọ́. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ó ní, "Ó ti yàgbẹ́ sí mi lọ́wọ́."

"Má mira."

Láti ọjọ́ náà lọ, bí ó bá ti ń tó àkókò àtidì, Ṣéhù a ti dé láìpè.

Ní ọjọ́ Àìkú, èyí tó dúdú dìde, ó sì rìn lọ síbi oúnjẹ. Bùsírátù tú u sílẹ̀ pátápátá. Ní ọjọ́ Ajé, èyí tó pupa dúró fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó mì, ó fi ìyẹ́ di afẹ́fẹ́ mú, ó gbé ẹsẹ̀ òsì, ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún. Ẹ̀jẹ̀ ti padà sínú ẹsẹ̀ náà, àfi ọmọ ìka àárín. Ìyẹn ti gbẹ bí ẹ̀ka igi. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó já bọ́ sínú àpò kòkó. Bùsírátù ṣa á. Kò lè jù ú nù. Ó fi tákàdá wé e, ó fi í sẹ́gbẹ̀ẹ́ apá àti ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀.

Àlímátù dé ní Ọjọ́rú lẹ́yìn ìrun Àsárì, ó wọ dígí dúdú, Ummulkulthum di apá rẹ̀ mú. Bùsírátù kí i káàbọ̀, ó fún un ní omi, ó dúró kí ó mu ún tán. Nígbà náà ni ó gbé àwo wá. Apá méjì, ẹsẹ̀ méjì, tákàdá kékeré kan.

"Àlímátù, adìẹ ẹ ti kú. Ọ̀kadà ló pa á, lọ́jọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ tó kọjá, níwájú ilé yìí. Mi ò rí ọlọ́kadà náà, kò sì sí ẹni tó rí i. N ò ráyè dúńbú ẹ̀, n ò sì jẹ ẹ́. Ọmọ kan bá a lọ. Márùn-ún ló kù. Èyí tó wà nínú tákàdá, ọmọ ìka ọ̀kan nínú wọn ni. Ọ̀kadà kọ́ ló ṣe ìyẹn. Èmi ni. Mo dì í le jù."

Ó sọ ọ́ tán, ó gbé ọwọ́ lé itan, ó ń dúró.

Àlímátù bọ́ dígí rẹ̀. Ó mú apá adìẹ náà, ó gbé e súnmọ́ ojú, ó yí i síbí, ó yí i sọ́hùn-ún.

"Bùsí, ṣé bó ṣe dúdú tó nìyí?"

"Bó ṣe dúdú tó nìyẹn."

"Ṣebí mo rò pé aláwọ̀ eérú ni. Látìgbà tí mo ti ni ín, n ò rí àwọ̀ ẹ̀ rí." Ó gbé apá náà padà sínú àwo jẹ́jẹ́. "Adìẹ tó dáa ni. Kó wọn wá kí n rí wọn."

Bùsírátù gbé páálí wá. Àlímátù bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, ó ń wo àwọn ọmọ náà lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń yẹ aṣọ wò kó tó rà á. Kò bi í nípa ọlọ́kadà.

"Ẹni tó ni ín ló ń kọ́kọ́ mú, àbí?" ni Àlímátù wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Àlímátù ti ọwọ́ bọ páálí, ó mú èyí tó pupa.

"Àlímátù, má mú ìyẹn. Ìyẹn ló sọ ìka nù. Fi sílẹ̀ fún mi, mú èyí tó lára yìí."

"Ta ló ń mú, èmi tàbí ìwọ?" Ó gbé e sí àtẹ́lẹwọ́, ó fi ìka kan ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún. Kókó ìborùn ṣì wà níbẹ̀, nítorí Bùsírátù kò tíì fẹ́ tú ti ìyẹn sílẹ̀. Àlímátù ti ìka bọ abẹ́ kókó náà, ó sì rí i pé ó dẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín. "Ìwọ lo di èyí? Ọ̀gá ì bá ti nà ẹ́."

"Ì bá ti nà mí lóòótọ́."

"Ṣé ojoojúmọ́ lo ń tún un dì?"

"Ojoojúmọ́."

Àlímátù fi ìka pa ọmọ adìẹ náà lórí, ó tó ìṣẹ́jú kan. Bùsírátù wo ibòmíràn. Ọjọ́ mẹ́sàn-án kì í ṣe ọdún mẹ́sàn-án, ṣùgbọ́n ọmọ náà ti mọ ohùn rẹ̀. Bí ó bá pè é, a gbé orí sókè.

"Ó dáa," ni Àlímátù wí. "Tèmi rèé. Mo ti mú un." Ó na ọwọ́ síta, ọmọ adìẹ náà dúró lórí rẹ̀, ó ń mì díẹ̀. "Gbà. Bá mi sìn ín."

Bùsírátù wò ó. Àwọn méjèèjì jọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún kan náà ni, oṣù mẹ́jọ péré ni wọ́n fi ju ara wọn lọ, ṣùgbọ́n ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á.

"Dìde jàre, orúnkún ẹ ò dáa," ni Àlímátù wí, ó sì wọ dígí rẹ̀ padà kíákíá, nítorí dókítà ní kò gbọdọ̀ sunkún. "Ó ku mẹ́rin nínú páálí. Ìwọ ló kàn. Mú tìẹ."